Pípadé òjijì shell kọ̀ǹpútà

Pípadé òjijì shell kọ̀ǹpútà ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí fèrèsé tí òǹlò ń tẹ àṣẹ sí yóò fi parẹ́ láìjẹ́ pé òǹlò náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí tí yóò ṣí tí yóò sì tún padé kí ẹnikẹ́ni tó ráyè tẹ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀. Shell ni ètò kọ̀ǹpútà tí ń ka àṣẹ tí ènìyàn tẹ̀, tí ń gbé e lé ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, tí ó sì ń mú èsì padà wá. Lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ ni Bash tí ó wọ́pọ̀ lórí Linux, zsh tí Apple ń lò lórí macOS láti ọdún 2019, àti cmd pẹ̀lú PowerShell lórí Windows. Orúkọ yìí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ elépo rọ̀bì. Ìkarahun ni ó túmọ̀ sí, nítorí pé òun ni ó bo ètò ìṣàkóso lóde, òun náà sì ni ọwọ́ òǹlò kọ́kọ́ ń kàn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, shell tí ó padé lójijì kò bàjẹ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, pé àṣẹ kan ní kí ó jáde, tàbí pé ètò mìíràn ni ó pa á. Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn náà rú àwọn ènìyàn lójú ni pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí shell sọ, èyí tí ìbá ṣàlàyé ìdí, ń bá fèrèsé náà lọ. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú àtúnṣe ni láti mú kí fèrèsé dúró títí a ó fi ka ọ̀rọ̀ náà.

## Ìtàn ní ṣókí

Louis Pouzin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó mú orúkọ "shell" wá ní àárín àwọn ọdún 1960, nígbà tí a ń pèsè ètò Multics ní Amẹ́ríkà. Ken Thompson kọ shell àkọ́kọ́ fún Unix ní Bell Labs ní ọdún 1971. Shell ti Stephen Bourne jáde ní ọdún 1979, Brian Fox sì kọ Bash fún iṣẹ́ GNU, èyí tí ó jáde ní ọdún 1989. Microsoft gbé cmd jáde pẹ̀lú Windows NT ní ọdún 1993, PowerShell sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2006.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Unix, ọ̀pọ̀ òǹlò ló ń fi wáyà tẹlifóònù kàn sí kọ̀ǹpútà tí ó wà níbòmíràn. Bí wáyà náà bá já, kọ̀ǹpútà yóò fi àmì kan ránṣẹ́ sí shell òǹlò náà pé kí ó padé. Orúkọ àmì náà ni SIGHUP, èyí tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún gbígbé fóònù kalẹ̀. Ààbò ni ó wà fún: bí shell bá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín ti lọ, ẹni tí ó bá pè lẹ́yìn rẹ̀ lè bọ́ sórí iṣẹ́ oníṣẹ́. Kọ̀ǹpútà òde òní kò lo irú wáyà bẹ́ẹ̀ mọ́, síbẹ̀ àmì SIGHUP ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì wà lára ohun tí ń pa shell dé jù lọ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá já.

## Mímú fèrèsé dúró

Lórí Windows, ẹni tí ó bá tẹ fáìlì `.bat` lẹ́ẹ̀mejì yóò rí i pé fèrèsé dúdú kan yọ, ó sì parẹ́. Èyí kì í ṣe àìsàn. Windows ṣí shell náà fún fáìlì yẹn nìkan, nígbà tí fáìlì sì parí, kò sí ohun tí shell tún ń dúró dè. Àtúnṣe tí ó rọrùn jù ni kí òǹlò kọ́kọ́ ṣí cmd fúnra rẹ̀, kí ó tó tẹ orúkọ fáìlì náà sínú rẹ̀. Ó tún lè lo `cmd /k` ṣáájú orúkọ fáìlì, nítorí pé `/k` ń mú kí shell dúró, nígbà tí `/c` ń mú kí ó padé. Ẹni tí ó ni fáìlì náà lè kọ `pause` sí ìlà tí ó kẹ́yìn. Fún PowerShell, `-NoExit` ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nínú Windows Terminal, ètò kan wà tí ń jẹ́ `closeOnExit`. Bí a bá yí i sí `never`, fèrèsé yóò dúró lẹ́yìn tí shell bá ti kú.

Lórí macOS, a lè yí ètò Terminal kí ó má ṣe ti fèrèsé nígbà tí shell bá jáde. Lórí Linux, `xterm -hold` ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ fèrèsé àṣẹ mìíràn sì ní irú ètò kan náà. Bí kò bá sí èyí tí ó ṣeé ṣe, a lè darí gbogbo ọ̀rọ̀ tí fáìlì bá sọ sínú fáìlì mìíràn, báyìí:

`bash ise.sh > abo.txt 2>&1`

Lẹ́yìn èyí, ohun gbogbo tí ó ṣẹlẹ̀ yóò wà nínú `abo.txt`, bí fèrèsé tilẹ̀ parẹ́.

Ó tún yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín shell àti fèrèsé tí ó gbé e dání. Bí fèrèsé kan bá ń kú, kí a fi irú fèrèsé mìíràn ṣí shell kan náà. Bí ó bá dúró níbẹ̀, fèrèsé àkọ́kọ́ ni ó ní àbùkù.

## Kíka nọ́ḿbà ìjáde

Gbogbo shell ló ń fi nọ́ḿbà kan sílẹ̀ bí ó bá ń jáde. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti rí i ni kí a ṣí shell kan sínú òmíràn. Bí òǹlò bá wà nínú shell tí ó dúró dáadáa, kí ó tẹ `bash`. Bí èyí tí ó wà nínú bá padé, èyí tí ó wà lóde yóò ṣẹ́kù, `echo $?` yóò sì fi nọ́ḿbà náà hàn. Lórí Windows, kí ó tẹ `cmd` nínú cmd, lẹ́yìn náà kí ó tẹ `echo %ERRORLEVEL%`.

Lórí Linux àti macOS, àwọn nọ́ḿbà tí ó wọ́pọ̀ nìyí:

- 0: iṣẹ́ parí ní àlàáfíà, tàbí ẹnì kan ní kí shell jáde.
- 126: a rí fáìlì náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè mú un ṣiṣẹ́, bóyá nítorí pé a kò fún un ní àyè láti ṣe bẹ́ẹ̀.
- 127: a kò rí àṣẹ náà rárá.
- 129: àmì SIGHUP ni ó pa á, ìsopọ̀ já tàbí fèrèsé ti padé.
- 130: ẹnì kan tẹ Ctrl+C.
- 137: àmì SIGKILL ni ó pa á láìfún un láyè láti dágbére.
- 139: ètò náà fọwọ́ kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, ètò ìṣàkóso sì dá a dúró.
- 143: a fi àmì SIGTERM sọ fún un pé kí ó parí.

Gbogbo nọ́ḿbà tí ó wá láti ọwọ́ àmì jẹ́ 128 pẹ̀lú nọ́ḿbà àmì náà. SIGKILL jẹ́ àmì 9, ìdí nìyí tí a fi ń rí 137. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbì kan: bí òǹlò bá tẹ `exit` láìfi nọ́ḿbà tẹ̀ lé e, nọ́ḿbà àṣẹ tí ó ṣáájú ni shell yóò gbé jáde. Nítorí náà, 1 tàbí 127 lè jẹ́ ẹ̀bi àṣẹ ìkẹyìn, tí shell fúnra rẹ̀ kò sì ní àbùkù kankan.

## Àwọn okùnfà tí ó wọ́pọ̀

### Fáìlì ìbẹ̀rẹ̀

Bí shell bá ń ṣí, ó máa ń kọ́kọ́ ka àwọn fáìlì kan, bíi `.bashrc` àti `.bash_profile` fún Bash, tàbí `.zshrc` fún zsh. Ìlà kan ṣoṣo tí kò dára níbẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ òǹlò. Ọ̀rọ̀ `exit` ni àkọ́kọ́. Èkejì ni `exec`, tí ń fi ètò mìíràn rọ́pò shell: nígbà tí ètò yẹn bá parí, kò sí shell mọ́ láti padà sí. Ẹ̀kẹta ni `set -e`, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rí nínú fáìlì àṣẹ tí wọ́n sì ń dà á sínú `.bashrc`. Lẹ́yìn èyí, bí wọ́n bá ṣi àṣẹ kan tẹ̀, shell yóò padé lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ohun tí `set -e` túmọ̀ sí ni pé kí shell jáde bí àṣẹ kan bá kùnà.

Láti dán èyí wò, a ó ṣí shell láìjẹ́ kí ó ka fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ kankan: `bash --norc --noprofile` fún Bash, `zsh -f` fún zsh, `powershell -NoProfile` fún PowerShell, àti `cmd /d` fún cmd. Bí ó bá dúró, fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ ni ó jẹ̀bi. Kí a má ṣe pa fáìlì náà rẹ́. Kí a yí orúkọ rẹ̀ padà, fún àpẹẹrẹ `mv ~/.bashrc ~/.bashrc.atijo`, kí a sì dá ìdajì ìlà rẹ̀ padà sínú fáìlì tuntun. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ìdajì kejì ni àṣìṣe wà. Bí a bá ń pín in sí méjì báyìí, fáìlì onílà 100 kò ní gbà ju ìgbà méje lọ kí a tó rí ìlà tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀.

Fún cmd, ibi tí ó dà bí fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Windows, lábẹ́ `HKEY_CURRENT_USER\Software\Microsoft\Command Processor`, pẹ̀lú orúkọ `AutoRun`. Irú rẹ̀ tún wà lábẹ́ `HKEY_LOCAL_MACHINE`. Àwọn ètò kan, títí kan àwọn ètò apanilára, lè kọ àṣẹ síbẹ̀. Bí `cmd /d` bá dúró tí `cmd` lásán kò sì dúró, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

### Fáìlì àṣẹ tí a pè sínú shell

Bí a bá fi `bash ise.sh` mú fáìlì ṣiṣẹ́, shell tuntun ni yóò ṣe é. Bí a bá fi `source ise.sh` tàbí `. ise.sh` pè é, shell tí òǹlò wà nínú rẹ̀ ni yóò ṣe é fúnra rẹ̀. Bí `exit` bá wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, shell òǹlò ni yóò padé. Nínú fáìlì tí a fẹ́ máa fi `source` pè, `return` ni ó yẹ kí a lò dípò `exit`.

### Bọ́tìnnì àti àkókò

Ctrl+D ń sọ fún shell pé kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, ó sì ń jáde. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣèèṣì kàn án lè tẹ `set -o ignoreeof` nínú Bash. Bákan náà, bí a bá fún `TMOUT` ní iye kan, Bash yóò padé lẹ́yìn iye ìṣẹ́jú-àáyá bẹ́ẹ̀ tí kò rí àṣẹ. `TMOUT=600` túmọ̀ sí ìṣẹ́jú 10. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, alábòójútó kọ̀ǹpútà ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún ààbò, òun sì ni ó yẹ kí a bá sọ̀rọ̀.

### Àkọsílẹ̀ òǹlò

Lórí Linux, fáìlì `/etc/passwd` ni ó ń sọ irú shell tí òǹlò kọ̀ọ̀kan yóò bá. Bí ohun tí ó wà níparí ìlà òǹlò bá jẹ́ `/usr/sbin/nologin` tàbí `/bin/false`, kò sí bí ó ṣe lè wọlé kí ó dúró. Irú èyí tún ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá yọ zsh kúrò lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí i. Àṣẹ `chsh` ni a fi ń yan shell mìíràn, láti inú àwọn tí `/etc/shells` kà sílẹ̀.

### Ìrántí tí ó kún

Bí ìrántí kọ̀ǹpútà bá tán, Linux yóò yan ètò kan, yóò sì fi SIGKILL pa á kí kọ̀ǹpútà má baà dákú. Àṣẹ `journalctl -k` tàbí `dmesg` yóò fi orúkọ ẹni tí a pa hàn. Ubuntu 22.04 tún bẹ̀rẹ̀ sí lo `systemd-oomd`, tí ó lè pa odindi ìdìpọ̀ ètò tí ó jọ wà pọ̀. Èyí ló fà á tí fèrèsé àti shell fi lè lọ papọ̀ nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó jẹ ìrántí jù.

## Lórí kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣẹ́ ń lo SSH, tí Tatu Ylönen ṣe ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1995, láti ṣí shell lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìlú tàbí ilẹ̀ mìíràn. Níbí, ohun tí ó lè pa shell dé pọ̀ sí i, nítorí pé ọ̀nà gùn. A lè mú Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú náà wà ní gúúsù Àkúrẹ́, láàárín àwọn òkè àpáta ńláńlá tí Nàìjíríà ti fi sínú àkọsílẹ̀ ìdábàá fún UNESCO láti ọdún 2007. Àṣẹ tí ẹnì kan tẹ̀ níbẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kan ní Lọ́ńdọ́nù yóò kọ́kọ́ gba afẹ́fẹ́ lọ sí òpó nẹ́tíwọ̀kì, yóò dé Èkó, yóò sì gba wáyà abẹ́ òkun kọjá. Àpáta lè dí ìgbì rédíò láàárín fóònù àti òpó, nítorí náà ìyàtọ̀ lè wà láàárín ẹ̀yìn òkè àti gbangba láàárín ìlú kan náà. Iná mànàmáná náà ní ipa tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba ta àwọn ilé-iṣẹ́ ìpínkiri iná fún aládàáni ní ọdún 2013, ìpínlẹ̀ Oǹdó bọ́ sí abẹ́ BEDC. Bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká lè máa ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé yóò kú bí kò bá sí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀.

Ìjáwọ́ lè wá láti ibi tí ó jìnnà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì falẹ̀ tàbí ó já ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí àtúnṣe kankan lórí kọ̀ǹpútà òǹlò tí ó lè wo irú ìyẹn sàn.

Ọ̀rọ̀ tí SSH bá kọ sílẹ̀ ń fi ìyàtọ̀ hàn. Bí ó bá kọ `Broken pipe` tàbí `Connection reset by peer`, ọ̀nà ni ó sábà máa ń já. Bí ó bá kọ `Connection to` àti orúkọ kọ̀ǹpútà àti `closed` nìkan, shell tí ó wà lọ́hùn-ún ni ó sábà máa ń jáde fúnra rẹ̀, kí a sì wá ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ tàbí `TMOUT`.

Àwọn nẹ́tíwọ̀kì kan ń já ìsopọ̀ tí kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí a kọ `ServerAliveInterval 60` sínú `~/.ssh/config`, SSH yóò máa kí kọ̀ǹpútà ọ̀hún ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ìdáhùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, SSH yóò jáwọ́. Nítorí náà, ètò yìí kò lè gba ìsopọ̀ là bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ fún ìgbà pípẹ́.

## Lórí fóònù Android

Àwọn tí kò ní kọ̀ǹpútà máa ń kọ́ ìlà àṣẹ lórí fóònù pẹ̀lú Termux. Láti Android 12, tí ó jáde ní ọdún 2021, ètò ìṣàkóso fóònù ń pa àwọn ètò abẹ́nú tí áàpù bá bí bí iye gbogbo wọn bá kọjá 32. Òǹlò Termux yóò wá rí `Process completed (signal 9)`, èyí tí ó jẹ́ SIGKILL. Kò sí ohun tí ó ṣe tí ó burú. Lórí Android 14 àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, a lè pa ìdíwọ́ yìí nínú àwọn ètò fún àwọn olùpèsè áàpù. Kí a tún yọ Termux kúrò nínú ìfowópamọ́ bátìrì, kí a sì lo `termux-wake-lock` bí iṣẹ́ bá pẹ́.

## Dídáàbò bo iṣẹ́

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe fèrèsé tí ó parẹ́ bí kò ṣe iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Àṣẹ tí ń ṣe ìṣirò láti òwúrọ̀ lè kú ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì já fún ìṣẹ́jú díẹ̀. `tmux`, tí Nicholas Marriott bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, àti `screen`, tí ó ti wà láti ọdún 1987, ń yanjú èyí. A ó tẹ `tmux new -s ise` lórí kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìsopọ̀ bá já, iṣẹ́ yóò máa lọ, a ó sì fi `tmux attach -t ise` padà sí i. Bí a bá ṣí tmux lórí kọ̀ǹpútà ọwọ́ ẹni dípò tọ̀hún, kò ní dáàbò bo iṣẹ́ tọ̀hún. Fún àṣẹ kan ṣoṣo, `nohup` tó. Mosh, tí ó jáde ní ọdún 2012, ń jẹ́ kí shell fara da nẹ́tíwọ̀kì tí ń lọ tí ń bọ̀, pàápàá lórí fóònù.

Bí shell bá padé nígbà tí a ń da fáìlì kọ, fáìlì náà lè wà ní ààbọ̀ kí ó sì dà bí odindi. Kí a fi `sha256sum` wé fáìlì tuntun pẹ̀lú ti àtijọ́ kí a tó pa èyí àtijọ́ rẹ́. `rsync --partial` ń pa apá tí ó ti kọjá mọ́ fún ìgbà mìíràn. Bákan náà, Bash máa ń dúró di ìgbà tí ó bá fẹ́ jáde kí ó tó kọ àwọn àṣẹ tí a ti tẹ̀ sílẹ̀. SIGKILL kò fún un láyè yìí, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo `history -a` láti kọ wọ́n sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹni tí ó bá ń tún fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí shell àkọ́kọ́ ṣí sílẹ̀, kí ó ṣí èkejì láti dán àtúnṣe wò, kí ó má sì ti àkọ́kọ́ títí èkejì yóò fi wọlé dáadáa. Bí ó bá ti àkọ́kọ́ tí àṣìṣe sì wà nínú fáìlì, ó lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́ àfi nípasẹ̀ alábòójútó. Fífi ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà lélẹ̀ lọ́tun kì í sábà nílò. Ó máa ń gba àkókò, ó lè pa fáìlì òǹlò rẹ́, bí okùnfà bá sì wà nínú fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ tí a tún dà padà sórí kọ̀ǹpútà tuntun, shell yóò tún padé gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.